Ẹ Jẹ́ Kó Jẹun Ná

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nínú kíṣínì rẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ́, láàárọ̀ Sátidé kan, bó ṣe ń yọ egungun lára ẹja tí ẹnikẹ́ni kò padà jẹ. Kí n tó kúrò nílé náà lọ́jọ́ yẹn, èmi alára ti di ara ìtàn náà, àmọ́ òun ló ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí òun ló gba ìpè. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri báyìí, wọ́n ń bu iyọ̀ sí i, wọ́n ń yọ ata kúrò. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù. Òun àti ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlájì, ló kù sínú ilé náà. Àwọn ọmọ wọn ti tú ká. Èmi ń gbé Ẹ̀pẹ́, nínú ilé tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí, mo sì máa ń yà sọ́dọ̀ wọn nígbàkigbà tí mo bá ní iṣẹ́ ní Ìkòròdú. Nígbà tí ilé ìwé girama tó wà nítòsí wọn ń wá ibi tí olùkọ́ kan máa dé sí, olùkọ́ tó ń bọ̀ láti òkè òkun tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá ń bẹ lọ́dọ̀ òun.

Wọ́n ní òyìnbó ni. Ẹ̀gbọ́n mi ra bọ́tà, ó ra búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n kun ilé ìwẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé àlejò náà dé, mo wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ga, ó dúdú, ó léjì níwájú eyín. Àlájì na ọrùn wo inú mọ́tò, bóyá òyìnbó ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Òyìnbó yín dà?" ló bi awakọ̀.

"Òun náà nìyí, sà. Jàmáíkà ló ti wá."

"Eléyìí? Eléyìí tó jọ ìyá mi tó bí mi lọ́mọ?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Ìyá Mi. Bọ́tà àti búrẹ́dì yẹn, Àlájì fúnra rẹ̀ ló jẹ wọ́n tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ sọ pé ọmọ tó sọnù ló padà wálé. Bí wọ́n bá bi í lọ́jà pé ta nìyí, á ní, "Ọmọ mi ni," kò sì parọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà funfun bí ẹfun ni, gbogbo wa ì bá máa rántí pé àlejò ni, à bá máa bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yín. Àmọ́ ó jọ wa. A ò bi í ní nǹkan kan.

Ohun tó ya àdúgbò lẹ́nu jù ni pé kò gba owó oṣù. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan tó bá ẹ̀gbọ́n mi jáde.

"Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní sọ fún ẹnì kankan. Kí lo ṣe nílé yín tí wọ́n fi ní kó o wá sìnrú níbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ó ní kí wọ́n sọ fún màmá pé òun fúnra òun lòun yọ̀ǹda ara òun.

"Hẹn-ẹ́n," ni ìyá alákàrà wí, "bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn." Ó sì fi èènì àánú sí àkàrà tí wọ́n rà.

Ọmọ náà tètè mọ ilé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa omi kànga láìjẹ́ kí okùn bọ́. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó ní bí ẹni ń jẹ ìrọ̀rí tí wọ́n bu ata sí ni, síbẹ̀ ó tún bù sí i. Ìkúnlẹ̀ ló kọ́ ju bó ṣe yẹ lọ: á kúnlẹ̀ fún Àlájì, á kúnlẹ̀ fún ọlọ́kadà, á kúnlẹ̀ fún ọmọ tó wá tọrọ iyọ̀ ní ilé kejì. Èyí tó pẹ́ kó tó yé e ni ọpẹ́ ọjọ́ kejì. Nílẹ̀ tiwọn, ó ní, bí wọ́n bá fún ọ ní nǹkan, o dúpẹ́, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò lè parí.

"O dúpẹ́ lánàá, mo gbọ́. Tòní ńkọ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wá sẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, á kúnlẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun àná." Kódà bó bá jẹ́ pé èébú nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi fún un lánàá. Àlájì á máa pariwo láti pálọ̀ pé, "Ìyá Mi, ẹ má dúpẹ́ èébú o, wọn á tún bù ú fún yín!"

Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọwọ́ ló wà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wẹ̀yìn. Ìyá Àgbà ni gbogbo ayé rẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, bí ọmọ náà bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń pè é, á sì gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi, kí àwọn ìyá méjèèjì kí ara wọn. Mo ti bá wọn nídìí ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà á ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá òun di ọmọ náà mú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi á ní òun ti fi ọ̀já so ó mọ́ ẹ̀yìn, kò lè jábọ́.

Ọmọ náà sọ ohun kan fún wa lọ́jọ́ kan tí a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó wà ní yunifásítì, bàbá àgbà rẹ̀ kú, wọn ò sọ fún un títí ó fi ṣe ìdánwò tán. Wọ́n ti sin bàbá náà kó tó mọ̀. Ó ní òun bínú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun àti Ìyá Àgbà bá ara wọn ṣàdéhùn: ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ibi yòówù kí òun wà láyé, kí wọ́n pe òun kó tó ṣẹlẹ̀. Kí òun ṣáà gbóhùn rẹ̀. Ìyá Àgbà náà sì ní òun kò ní í lọ láìgbọ́ ohùn tirẹ̀.

A gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní, "Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wọn sí." Àlájì ṣe àmín. A sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lóṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni ń bínú, fóònù ọmọ náà bọ́ sínú ọ̀sà níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò. Ọlọ́kọ̀ kan bá a mú un jáde. Gbogbo àdúgbò ní kó rì í sínú ìrẹsì. Àlájì ní ìrẹsì wo, èyí tí àwọn ò tíì rí jẹ? Ọmọ náà gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe ní Gárééjì Ìkòròdú, ìyẹn ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó fi pe ilé, ó ní bí wọ́n bá ń wá òun, nọ́ńbà yìí ni kí wọ́n pè.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ nínú kíṣínì nìyẹn.

"Ọ̀sán Jímọ̀, lánàá," ó wí, kò gbójú sókè kúrò lára ẹja. "Àlájì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà ni. Mo rí nọ́ńbà tó gùn bí ejò. Àbúrò ìyá ọmọ náà ni. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, mà, ara Ìyá ò yá rárá. Wọ́n ń béèrè rẹ̀. Bó bá ti dé, ẹ ní kó pè wá lónìí yìí.' Ó ń sunkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àlájì wò mí, ó ní, 'Wọ́n ti lọ?' Mo ní, 'Wọ́n ti lọ.'"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ta ló ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jínjìn kó là á mọ́lẹ̀ pé òkú kú? Nígbà tí bàbá tiwa kú ní Ẹ̀pẹ́, Ìbàdàn ni mo wà. Wọ́n ní ara wọn ò yá díẹ̀, kí n máa bọ̀. Mo ti sunkún tán nínú mọ́tò kí n tó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ni wọ́n sọ ọ́, bó sì ṣe yẹ kí n gbọ́ ọ ni mo gbọ́ ọ. Ara ò yá, ó ń béèrè rẹ, máa bọ̀: ọmọ tí àgbàlagbà tọ́ kì í béèrè ìbéèrè kejì.

Nítorí náà, lójú wọn, Ìyá Àgbà ti kú tán, ó ku bí wọ́n á ṣe túfọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ pè é ní ilé ìwé. Àlájì ní, "Kí o lọ sọ kí ni fún un? Láàárín àwọn ọmọ? Òkú kì í kánjú. Alààyè ló yẹ ká tọ́jú. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná, kó sùn. Tó bá dàárọ̀, a ó pe àwọn àgbà jọ, a ó pe àbúrò rẹ tó ní ẹnu ọ̀rọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ká fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ ra ẹja ọbọ̀kún tó sanra jù létí ọ̀sà. Nígbà tí ọmọ náà dé lálẹ́ nínú òjò, tó rí abọ́, ó ní, "Mọ́mì, ta ló ń ṣọdún?" Ó jẹun títí, ó lá ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín. Jímọ̀ nìyí, mi ò tíì kí Ìyá Àgbà."

"Kò sí kírẹ́dìtì nínú rẹ̀, ọmọ mi."

"Ṣé kí n sáré lọ rà á?"

"Nínú òjò yìí? Ó di ọ̀la."

"Ó dáa, Mọ́mì. Ó di ọ̀la."

Èmi náà, wọ́n ti pè mí lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Mo ní ṣé kò sí? Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí nǹkan kan, kí n ṣáà máa bọ̀ láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti kú. Mo rò ó títí dé orí àwọn mọ̀lẹ́bí tí ara wọn le jù.

Nígbà tí mo dé, ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Àńkù, ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣeun ìjẹta." Àgbọn ni mo gbé wá nígbà náà. Inú rẹ̀ dùn. Mo wọ kíṣínì, ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ó ní, "Láàárọ̀ yìí ó wá kúnlẹ̀ síbi tó o dúró sí yẹn, ó ní ẹ ṣeun àná."

Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí mi nínú rẹ̀. Mo ní wọ́n ṣe dáadáa.

Àwọn àgbà mẹ́ta ti jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú Àlájì. Bí ọmọ wa kan bá wọlé tó bá irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kò ní dúró gbọ́ ọ̀rọ̀, igbe ló máa kọ́kọ́ ké. Nígbà tí a pe ọmọ náà wọlé, òun nu ọwọ́ sára aṣọ, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó, ó ń wò wá bí ẹni ń dúró de ẹ̀bùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jínjìn. Mo ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Mo ní àgbà tó bá jẹ, tó mu, tó rí ọmọ ọmọ, kò kú ikú òfò. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Mọ́mì, ṣé ilé ìwé ní kí n máa lọ ni?"

Ìgbà náà ni mo wá sọ ọ́. Mo ní Ìyá Àgbà ti lọ sinmi.

Kò ké. Ó ní, "Ta ló pè yín?"

"Àbúrò ìyá rẹ."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sàn-án àná."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. Ó tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, kò yọ kúrò, kò fi kún un: ara wọn ò yá, wọ́n ń béèrè rẹ, kó o pè lónìí.

"Ṣé wọ́n ní wọ́n ti kú?"

Àlájì ní, "Ìyá Mi, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọn kì í…"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọ́n ní wọ́n ti kú?"

Ó na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù lé e. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbi tiwọn, àmọ́ wọ́n tètè gbé e. Ohùn obìnrin náà jáde débi tí gbogbo wa jókòó sí. Ó ní, níbo lo wà? Ó ní láti àárọ̀ àná ni Ìyá ti ń béèrè rẹ, a gbé fóònù sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, gbogbo ìgbà tó bá dún wọ́n ń la ojú. Ó ní kò tíì pẹ́ rárá tí ẹ̀mí bọ́ lára wọn. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ojú wọn dé ni.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní, "Lá iláha illallọ̀hù."

Ọmọ náà gbọ́ ti àbúrò ìyá rẹ̀ tán. Ó gbé fóònù sórí tábìlì. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń béèrè ìdáhùn ìṣirò lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Mọ́mì, lánàá tí mo tọrọ fóònù, ṣé kírẹ́dìtì wà nínú rẹ̀?"

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi máa purọ́. Kò purọ́.

"Ó wà."

Ọmọ náà mi orí. Ó dìde, ó padà sẹ́yìnkùlé, a sì gbọ́ tó ń fọ aṣọ lọ. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó sá a, ó sì fún èyí tí omi ṣì kù lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ, obìnrin tó ti ní ọmọ ọmọ. Ọmọ náà sáré gbé e dìde. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà." Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. Mà ló pè é.

Kò lọ sílé sìnkú. Ó ní kí ni òun ń lọ wò? Ó kọ́ àwọn ọmọ títí sáà fi parí. Kò kó kúrò nílé, kò kọ oúnjẹ, kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn lè dì mú láti fi bá a jà tàbí láti fi bẹ̀ ẹ́. Ó ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, ó ń ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ibẹ̀ ló ń parí sí. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró pẹ̀lú ìpọnmi lọ́wọ́, á máa retí ìyókù, omi á máa kán sílẹ̀. Àlájì kọ́kọ́ ń bínú: a ò ṣe ibi, ó ní, kí ọmọ náà lọ bi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tó yá, òun náà kò pe ẹnì kankan ní Ìyá Mi mọ́.

Èmi ni mo gbé ẹrù ọmọ náà dé èbúté lọ́jọ́ tó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi di ẹja gbígbẹ fún un, ó fi ìwé wé e, ó fi ọ̀rá wé e, ó tún fi aṣọ wé e. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó èbúté, ó ní, "Ó dàbọ̀, mà. Ẹ ṣeun." Ọkọ̀ náà gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o gbọ́? Ó dúpẹ́." Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sórí itan láti àárọ̀ di alẹ́.

Ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ ọmọ àbúrò bàbá wa kan ṣubú lulẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kò dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ ná ọjà ní ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi, tó wà nílé wa lọ́jọ́ náà, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù, ó pè é, ó ní, "Ọkọ rẹ kú ní ìsinsìnyí." Obìnrin náà dákú sáàárín ọjà. Àwọn àjèjì ló da omi sí i lára, àwọn àjèjì ló ń wá bàtà rẹ̀. Àwọn ẹbí wá bá ẹ̀gbọ́n mi, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ní irú ẹnu wo nìyẹn? Wọ́n ní ṣé ó fẹ́ kó jẹ́ òkú méjì ni wọ́n á sin? Títí dòní, obìnrin náà kò dáhùn bó bá kí i.

Ó bi mí pé, "Àbúrò mi, mo pa á mọ́, mo jẹ̀bi. Mo sọ ọ́, mo jẹ̀bi. Ìwọ tó o mọ ìtàn sọ, èwo ni kí n ṣe?"

Mo ti ń wá ìdáhùn láti ìgbà náà, mi ò rí i. Ẹ̀yin ni mo wá gbé e fún. Ká ní fóònù tiyín ló dún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí òjò ń bọ̀, tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́nà pẹ̀lú ebi nínú, tí ẹnì kan tó ń sunkún sì sọ fún yín pé ara Ìyá ò yá: kí lẹ máa gbé síwájú rẹ̀ bó bá wọlé, ṣé fóònù ni àbí abọ́ oúnjẹ?